Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ 9th grade: kí la lè tètè ṣe nípa yunifásítì tó ń ṣa ọmọ mú?

Ìyá Àkọ́bí (Maryland)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àkọ́bí mi obìnrin wọ 9th grade, ọdún àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin ti high school níbí ní Amẹ́ríkà, ní oṣù tó kọjá. Èmi àti bàbá rẹ̀, Nàìjíríà la ti ka gbogbo ìwé wa. JAMB la mọ̀: ọmọ á jókòó ṣe ìdánwò ọjọ́ kan, á wá máa retí cut-off. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè wá sí ìpàdé òbí, mo sì gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ pé òun ti to ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọmọ òun sínú ìwé, látorí ìṣirò tí yóò ṣe dé ibi tí yóò lọ lásìkò ọlidé. Àyà mi já.

Ọmọ tèmi fẹ́ràn bàọ́lọ́jì. Ó ń lu gángan pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òun ló máa ń tọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀ méjì lálẹ́ torí iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Ó ní dókítà lòun fẹ́ ṣe, àwọn yunifásítì tó sì ń dárúkọ, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó kọ̀wé sí wọn, wọn kì í mú tó mẹ́wàá.

Kí ló yẹ ká ṣe báyìí, kí la lè fi sílẹ̀ di iwájú? N kò fẹ́ fi ìdààmú pa ọmọ lára. N kò sì fẹ́ kó jẹ́ àìmọ̀kan tèmi ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Tíṣà Àgbà (Baltimore)

Ìyá Àkọ́bí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ kò pẹ́ rárá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe káńsẹ́lọ̀, ẹni tó ń gba ọmọ ilé ìwé nímọ̀ràn, nílé ìwé ìjọba níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo rí ni pé àwọn òbí wa kì í ṣe ọ̀lẹ, ìròyìn ni kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ gbé JAMB kúrò lọ́kàn. Níbí, transcript, ìwé tí wọ́n ń kọ kọ́ọ̀sì àti máàkì ọmọ sí, ni olórí ohun gbogbo, ọjọ́ tí ọmọ sì wọ 9th grade ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Nígbà tí ọmọ yín bá ń kọ̀wé sí yunifásítì níbẹ̀rẹ̀ 12th grade, ọdún mẹ́ta péré ló máa wà nínú ìwé yẹn ní píparí. Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀: ọdún tó wà nínú rẹ̀ yìí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ rí.

Wọn kì í wo máàkì nìkan. Wọ́n tún ń wo bí kọ́ọ̀sì náà ṣe le tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa kì í fọkàn sí. Ilé ìwé máa ń fi ìwé kan ránṣẹ́ tó ṣàlàyé àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n ní, káńsẹ́lọ̀ yóò sì sọ bóyá èyí tó le jù lọmọ mú nínú ohun tó wà ńlẹ̀. Bí AP (kọ́ọ̀sì tó le bíi ti yunifásítì) márùn-ún bá ni gbogbo ohun tí ilé ìwé ní, kò sẹ́ni tí yóò bi ọmọ léèrè ìkẹfà. Bí wọ́n bá ní ogún, tí ọmọ tó lóun fẹ́ ṣe dókítà kò fọwọ́ kan ọ̀kankan, wọn yóò rí i.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò lónìí, kí ẹ má tiẹ̀ dúró dọ̀la, ni ìṣirò. Bí àtẹ̀gùn ló rí: Algebra 1, Geometry, Algebra 2, Precalculus, lẹ́yìn náà Calculus. Ẹnikẹ́ni kì í fo ọ̀kan. Ọmọ tó ti ṣe Algebra 1 ní 8th grade yóò dé Calculus ní 12th grade láìsáré. Ọmọ tó ń ṣe Algebra 1 báyìí, Precalculus ni yóò bá a ní 12th grade. Àwọn yunifásítì tó ń ṣa ọmọ mú, pàápàá fún sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹnjiníà, á máa retí Calculus. Bí tiyín bá wà ní Algebra 1, kò tíì burú: ó lè ṣe Geometry àti Algebra 2 pọ̀ ní 10th grade, tàbí kó fi ọlidé ṣe ọ̀kan, tàbí kó ṣe é ní community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì) tí káńtì yín, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ilé ìwé, bá gbà á láyè. Àmọ́ ìsinsìnyí lẹ máa ń béèrè fún irú rẹ̀. Tó bá di 11th grade, ó ti pẹ́ jù.

Ẹ lọ rí káńsẹ́lọ̀ rẹ̀ lójúkojú. Ẹgbẹ́ àwọn káńsẹ́lọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé 250 ọmọ ló yẹ kí ẹnì kan máa bójú tó, ọ̀pọ̀ ló sì ń bójú tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni yóò kọ lẹ́tà nípa ọmọ yín. Kí ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rí kọ?

Bàbá Houston

Ohun tí Tíṣà sọ nípa 9th grade, èmi ti fi ojú ara mi rí i. Níbí ní Texas, òfin wà láti ọdún 1997 tó ní yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ gba ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó ga jù ní kíláàsì rẹ̀. UT Austin (University of Texas ní Austin) ní tiwọn kò lè gba gbogbo wọn, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fún àwọn tó ń wọlé ní ìgbà ìwọ́wé 2026, wọ́n ti sọ ọ́ di márùn-ún.

Ọmọkùnrin mi àgbà fi 9th grade ṣeré. Kò fìdí rẹmi o. B ló ń kó wálé, àwa náà sì ń sọ pé yóò gbé e sókè tó bá yá. Ó gbé e sókè lóòótọ́, A léra-léra ní 10th àti 11th. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mú àwọn kọ́ọ̀sì tó le tí wọ́n ń fi máàkì kún láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì lè lé wọn bá mọ́. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló parí sí. Ó wà ní yunifásítì ìjọba mìíràn báyìí, ó ń ṣe dáadáa, mo dúpẹ́. Àmọ́ mo rántí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ipò rẹ̀ fún un. Èmi ni mi ò mọ̀, òun ló gbà á sára.

Kí n fi èyí kún un fún ẹ̀yin ará Texas: ìgbàwọlé yẹn kò sọ pé kọ́ọ̀sì tó wu ọmọ ni wọn yóò fún un. Ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì, bísínẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń tún ọmọ ṣà fún ìyẹn.

Màmá Ọkọ́lándì

California ni èmi wà, tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Fún àwọn yunifásítì ìjọba tí wọ́n ń pè ní UC (University of California), 10th àti 11th grade ni wọ́n fi ń ṣírò GPA, àròpín máàkì ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ìyẹn kó sùn o: D tó bá gbà nínú kọ́ọ̀sì dandan ní 9th grade, yóò tún un ṣe ni, torí wọn kò kà á sí pé ó ti ṣe é. UC kò sì wo SAT, ìdánwò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń gba ọmọ, rárá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ béèrè bí ti ìpínlẹ̀ yín ṣe rí kí ẹ tó kó ìmọ̀ràn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Boston

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin màmá àti bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá sọ́rọ̀ àgbà. Ọdún kẹta mi nìyí ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tí ọmọ Màmá ń dárúkọ, ọ̀rọ̀ ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ìwé ni mo fẹ́ sọ sí.

Nígbà tí mo wà ní 9th grade, mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàbù mọ́kànlá. Mo rò pé wọ́n ń kà wọ́n ni. Mo ń dé ilé ní aago méje, mo ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé di aago kan òru, mo sì ń sùn ní kíláàsì. Nígbà tí mo fẹ́ kọ̀wé wọlé, mo rí i pé àyè mẹ́wàá péré ni Common App, fọ́ọ̀mù kan tí ọmọ fi ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ yunifásítì, ní fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, lẹ́tà 150 sì ni wọ́n fún ọ láti ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ nínú mọ́kànlá yẹn, n kò rí gbólóhùn kan gidi sọ nípa wọn. Ohun tí mo rí sọ ni pé mo ń bá bàbá mi tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àti pé mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Yorùbá lẹ́yìn ìsìn. Ìwé méjèèjì tí àwọn olùkọ́ kọ nípa mi, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn ló wà nínú wọn.

Màmá, ẹ jẹ́ kí ó máa lu gángan rẹ̀. Ẹ má mú un kúrò níbẹ̀ lọ síbi tó ń dún lójú ìwé. Ọmọ tó lu ìlù fún ọdún mẹ́rin, tó wá kọ́ àwọn kékeré, tó mọ ohun tí ìlù náà ń sọ, ẹni tó ń ka ìwé rẹ̀ yóò mọ ẹni tó jẹ́. Ìtọ́jú àwọn àbúrò náà, àyè wà fún un nínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n pè é ní Family Responsibilities. Iṣẹ́ owó náà ní àyè tirẹ̀.

Nípa ọlidé: àwọn ètò olówó gọbọi tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà yunifásítì ńlá kì í mú ọmọ wọ yunifásítì náà. Àwọn tó níyì jù nínú wọn, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì máa ń ṣa ọmọ mú. MITES Summer ti MIT fún àwọn tó wà ní 11th grade jẹ́ ọ̀kan. Kó tó dìgbà yẹn, láíbìrì, iṣẹ́, ìrànlọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn tó bá gba ọmọdé láyè, gbogbo wọn ló dára.

Ìyá Àkọ́bí (Maryland)

Ọmọ mi, o ṣé gan-an ni. Olúwa yóò mú ọ parí ẹ̀kọ́ rẹ láyọ̀. Òótọ́ ni pé mo ti fẹ́ sọ fún un pé kó fi ìlù sílẹ̀ kó lọ sí kíláàbù ìjiyàn. Ṣé wọ́n ka ìtọ́jú àbúrò sí nǹkan lóòótọ́? Mo sì ń tijú rẹ̀, kí wọ́n má rò pé a ń fi ọmọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Boston

Wọ́n kà á sí, Màmá. Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀ ni wọn yóò béèrè, kí ó kọ iye tó jẹ́ gan-an, kó má bù mọ́ ọn. Ọmọ tó ń se oúnjẹ alẹ́, tó ń bójú tó iṣẹ́ ilé ìwé ẹlòmíràn kó tó ṣe tirẹ̀, àwọn yẹn mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kí ẹ rí i pé ó ń ráyè ka tirẹ̀.

Nǹkan kékeré mìíràn: tó bá gbọ́ Yorùbá tó sì lè kọ ọ́, Maryland ní ohun tí wọ́n ń pè ní Seal of Biliteracy, òǹtẹ̀ tí wọ́n máa ń fún ọmọ tó gbọ́ èdè méjì dáadáa. Ìdánwò STAMP ní ti Yorùbá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káńtì yín bóyá wọ́n ń gbà á. Àwọn ọmọ wa máa ń rò pé èdè ilé kò wúlò nílé ìwé.

Bàbá Houston

Mo gbà pẹ̀lú àbúrò yìí lórí ìlù. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí á dárúkọ yunifásítì kan pàtó fún ọmọ láti ìsinsìnyí. Kí ọmọ ní ibi tó ń lọ lójú, kó lè rí ìdí tí yóò fi jókòó kàwé.

Tíṣà Àgbà (Baltimore)

Bàbá Houston, mo ti rí ọmọ tí wọ́n ti lẹ àsíá yunifásítì kan mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ láti 8th grade. Ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ ọ́, inú ilé dà bí ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Ọmọ náà ní A nínú gbogbo kọ́ọ̀sì. Kò sí ohun tó ṣe tí kò dára. Yunifásítì tó ń kọ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń kọ ọ̀pọ̀ ọmọ tó lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ fi oríṣi ibi han ọmọ: ńlá, kékeré, ti ìjọba, ti aládàáni, yunifásítì Howard tó wà nítòsí wa níbí. Ẹ mú un rìn yíká ọgbà ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń kọjá, láìdárúkọ ìgbàwọlé. Ìyẹn tó ní 9th grade.

Fún àwọn ọmọ Maryland tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, ẹ kọ Meyerhoff Scholars, ètò sukọ́láṣípù ti UMBC (University of Maryland, Baltimore County), sílẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìwádìí dé PhD tàbí MD pọ̀ mọ́ PhD ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ yẹn ní kùtùkùtù, torí mo ti rí ọmọ tó ní ìfẹ́ ìwádìí tí òbí rẹ̀ kò mọ̀ pé ó jẹ́ iṣẹ́.

Ní ti SAT, ẹ má jẹ́ kó jókòó fún un lọ́dún yìí. PSAT, ìdánwò ìmúrasílẹ̀ fún SAT, ti oṣù kẹwàá ní 11th grade ni wọ́n ń wò fún sukọ́láṣípù National Merit. Orí kọ̀ǹpútà ni SAT wà báyìí láti 2024, ìmúrasílẹ̀ ọ̀fẹ́ sì wà ní Khan Academy. Nígbà àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní kò pọn dandan. MIT dá a padà ní 2022. Ní 2024, Dartmouth, Yale, Brown, Harvard àti Caltech náà kéde pé ọmọ gbọ́dọ̀ mú èsì ìdánwò wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yale ń gba èsì ìdánwò AP tàbí ti IB (ètò ẹ̀kọ́ mìíràn tó le bí AP) dípò rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé SAT ti kú, ìròyìn ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló ń jẹ. Ìwé kíkà ni ìmúrasílẹ̀ tó dára jù fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá: ìwé gidi, lójoojúmọ́, ohun tó bá wù ú.

Ẹ má gbàgbé wákàtí 75 iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìlú tí Maryland sọ di dandan kí ọmọ tó lè gboyè jáde. Mo máa ń rí àwọn tó ń sáré kó o jọ ní 12th grade, lásìkò tó yẹ kí wọ́n máa kọ àròkọ ìgbàwọlé.

Bàbá Ìkòròdú (aṣírò owó, New Jersey)

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ìwé tó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ibi tí mo ti ń rí ẹkún nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá èèyàn ṣe owó orí.

Ọmọ tó wọ 9th grade ní ìwọ́wé 2025 yóò wọ yunifásítì ní 2029. FAFSA, fọ́ọ̀mù ìjọba tí ẹ máa kọ láti béèrè owó ìrànlọ́wọ́ fún ọdún yẹn, owó orí ti 2027 ni yóò wò. Ẹ ka oṣù rẹ̀ dáadáa: oṣù kìíní 2027, ọmọ wà láàárín 10th grade. Láti ìgbà tó wọ 9th grade, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ péré lẹ ní kí ẹ tó dé ọdún tí wọn yóò fi wọn àpò yín. Bí ẹ bá ń gbèrò láti ta ilẹ̀ tàbí láti fa owó ìfẹ̀yìntì yọ, ẹ rò ó bóyá kí ẹ ṣe é ṣáájú. Kì í ṣe pé kí ẹ pa nǹkan mọ́ o. Ẹni tó bá purọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìjọba, ọmọ rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn wá jù wá dé: ilé tí a kọ́ sílé. Ilé tí ẹ ń gbé níbí, FAFSA kò béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé mìíràn yòówù tí ẹ bá ní, ohun ìní ni wọ́n kà á sí, ti Ìkòròdú tàbí ti Àkúrẹ́ ò yàtọ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ lè tà á ní tòótọ́, kí ẹ yọ gbèsè orí rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé tó fi hàn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni ń lo fọ́ọ̀mù kejì, CSS Profile, tó ń wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyè sì wà nínú rẹ̀ láti ṣàlàyé. Ibẹ̀ ni kí ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ ń bọ́ Màmá nílé, pé ẹ̀yin lẹ ń san owó ilé ìwé ọmọ àbúrò yín. Ẹ máa tọ́jú rìsíìtì owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti ìsinsìnyí. Kò sí ẹni tó ń fipá mú wọn láti gbà, àmọ́ mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbà.

Owó tí ẹ bá fi sórúkọ ọmọ, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni FAFSA ń kà lọ́dún. Ti òbí kì í ju 5.64 lọ. Nítorí náà, ẹ má fi owó ìsọmọlórúkọ rẹ̀ sí àkáǹtì tirẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye tí wọ́n kọ sójú ìwé lé yín sá. Òfin ti mú kí gbogbo yunifásítì tó ń gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba ní net price calculator lórí ìkànnì wọn láti 2011. Ẹ fi iye tó ń wọlé fún yín sí i, yóò sọ iye tí ẹ lè san. Láti 2025, Harvard ní ìdílé tó ń pa dọ́là 100,000 tàbí tó dín sí i, tí ohun ìní rẹ̀ kò sì ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ní san kọ́bọ̀. Tó bá dín sí 200,000, kò ní san owó ẹ̀kọ́. MIT náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí nọ́ọ̀sì àti ọkọ rẹ̀ awakọ̀ tí wọ́n ní kí ọmọ má kọ̀wé sí irú ibẹ̀ torí owó, tí wọ́n wá yá owó ńlá fún yunifásítì tí orúkọ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí.

Ìkìlọ̀ kan péré nípa Early Decision, kíkọ̀wé ṣáájú sí yunifásítì kan ṣoṣo tó wu ọmọ jù: àdéhùn ni. Bí wọ́n bá gba ọmọ, yóò lọ. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ sí i kí ẹ tó mọ iye tí ẹ ó san.

Nọ́ọ̀sì Òru (Atlanta)

Ẹ ṣé, Bàbá Ìkòròdú. Ká ní mo ti ka èyí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn! Mo san dọ́là 4,500 fún ẹnì kan tó ní òun yóò mú ọmọ mi wọ Ivy League, àwọn yunifásítì mẹ́jọ olórúkọ ńlá bíi Harvard àti Yale. Ọmọ mi wà ní 9th grade nígbà náà. Ohun tó fún wa ni ìwé olójú-ewé mẹ́fà tó kún fún orúkọ kíláàbù, lẹ́yìn náà kò gbé fóònù mọ́. Owó òru ni mo san fún un, ẹ̀yin iṣẹ́ òru mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo ohun tó sọ ni Tíṣà ti sọ níbí lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ tí òun kò mọ̀.

Ẹ̀yin ará Georgia, HOPE, sukọ́láṣípù ìpínlẹ̀ wa, náà ń wo máàkì láti 9th grade. GPA 3.0 ni wọ́n ń béèrè. Zell Miller, tó ń san gbogbo owó ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ìjọba, ń béèrè 3.7 àti SAT 1200 tàbí ACT (ìdánwò tó jọ SAT) 25. Ìjọba fúnra wọn ló ń ṣírò rẹ̀, kọ́ọ̀sì gidi nìkan ni wọ́n ń kà, nítorí náà 3.8 tí ẹ rí nínú ìwé ilé ìwé lè má jẹ́ 3.8 lọ́dọ̀ wọn. Ẹ lọ wò ó ní ìkànnì GAfutures.

Ìyá Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mí sínú ọ̀rọ̀ yín. Ọmọkùnrin mi dé láti Ìbàdàn lóṣù kẹjọ. Ó ti parí SS1. Wọ́n fẹ́ fi í sí 9th grade, ó ń bínú, ó ní wọ́n dá òun padà sẹ́yìn.

Tíṣà Àgbà (Baltimore)

Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ìrìn àjò. Ẹ bá a sọ pé kó má bínú tán. Ẹ ní kí ilé ìwé rẹ̀ ní Ìbàdàn fi èsì láti JSS1 dé SS1 ránṣẹ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí ọ̀gá, nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Ẹ kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n dán an wò nínú ìṣirò. Àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ láti ilé sábà máa ń mọ ìṣirò ju ibi tí wọ́n fi wọ́n sí lọ, ohùn wọn ló ń mú kí àwọn olùkọ́ rò pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá gbé e sí Geometry tàbí Algebra 2, orúkọ kíláàsì kò já mọ́ nǹkan bí ẹ ṣe rò: yóò ní ọdún mẹ́rin tó pé nínú transcript, olùkọ́ yóò sì ráyè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ tẹpẹlẹ mọ́ 10th grade. Ẹ wọlé sí orí ayélujára wá sọ èsì fún wa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Boston

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá irú rẹ̀ pàdé. Kó má pa ohùn rẹ̀ dà kí wọ́n má bàa fi í rẹ́rìn-ín. Kó béèrè ìbéèrè ní kíláàsì.

Ẹnì kan bi mí níkọ̀kọ̀ nípa ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2023, wọ́n ní yunifásítì kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà ọmọ ṣe òṣùwọ̀n ìgbàwọlé mọ́. Ìdájọ́ kan náà ní ọmọ lè kọ̀wé nípa bí ẹ̀yà rẹ̀ ṣe kan ìgbésí ayé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ní kí ọmọ fi ẹni tó jẹ́ pa mọ́. Ọ̀rọ̀ 650 ni àròkọ Common App lè gùn tó, ó sì tó sọ ìtàn ilé kan.

Ìyá Àkọ́bí (Maryland)

Mo padà wá jábọ̀. Algebra 1 ló ń ṣe lóòótọ́. Káńsẹ́lọ̀ fún mi láyè ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ mi, mo lọ pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ó ní ọmọ lè ṣe Geometry àti Algebra 2 pọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ bó bá gba B tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì máa jáde ní oṣù kejì. Bó bá jẹ́ pé mi ò béèrè, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún mi.

Bàbá rẹ̀ ti ṣe net price calculator ibi mẹ́ta. Ibi tó ń bà wá lẹ́rù jù ló wọ́n kéré jù. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì torí kò gbà á gbọ́. A kọ ilé Ògbómọ̀ṣọ́ sí i.

Mo sọ fún ọmọ pé kó máa lu ìlù rẹ̀ lọ. Ó wò mí títí, ó ní, "Màmi, ta ló bá yín sọ̀rọ̀?" A ti gbà pé àbúrò bàbá rẹ̀ yóò máa wá bá wa dúró ti àwọn kékeré ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kó lè ráyè ka ìṣirò.

Tíṣà Àgbà (Baltimore)

Ẹ kú iṣẹ́. Kí oṣù kejì tó dé, ẹ bá olùkọ́ Algebra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí òun ni wọn yóò bi bóyá ọmọ lè gbé méjèèjì. Ẹ kọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ rí i sínú ìwé kan. Wọ́n máa ń pààrọ̀ wọn, ẹni tuntun kì í mọ ohun tí ẹni àná ṣèlérí.